Ọ̀gágun inú Ìtàn Àròsọ àti Ẹni tí Ó Kùnà lábẹ́ Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni ó rò pé ohùn ńlá, àmì ẹ̀yẹ tí ó kún àyà, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tí ó tò sẹ́yìn ni ó ń sọ ọ̀gágun inú ìtàn àròsọ di ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀gágun òun ti ṣẹ́ ogójì ogun kí òǹkàwé sì máa yán, nítorí pé kò ná an ní nǹkan kan láti sọ ogójì di ọgọ́rin. Ibi tí èmi máa ń wò ni ìgbà tí ọmọ abẹ́ kan bá wọlé wá láti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé iṣẹ́ tí a fi rán òun ti bàjẹ́. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ọ̀tá kò sí nítòsí, agbára tí ọ̀gágun náà ní lórí ẹ̀mí ẹlòmíràn nìkan ni ó kù nínú yàrá, ohun tí ó bá sì fi agbára náà ṣe ni a ó fi mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́ àti irú ogun tí yóò lè jà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó yá jù lọ. Nínú sinimá Star Wars tí ó jáde ní 1980, Ozzel tí ó jẹ́ olórí ọ̀wọ́ ọkọ̀ ogun mú àwọn ọkọ̀ náà yọ sí ibi tí ó sún mọ́ ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀ jù, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì ráyè gbé ààbò wọn sókè. Darth Vader, ọ̀gá rẹ̀, kò pè é lẹ́jọ́. Ó fi agbára àìrí fún un lọ́rùn láti ọ̀nà jíjìn, bí ọkùnrin náà sì ti ń kú lọ ni ó ń gbé ipò rẹ̀ fún Piett tí ó dúró tì í. Nígbà tí ó yá, ọ̀gákọ̀ kan tí ń jẹ́ Needa lọ tọrọ àforíjì fúnra rẹ̀ nítorí ọkọ̀ tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun náà kú. Ẹ̀rù ń bani lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a bá rò ó síwájú díẹ̀, a ó rí i pé ọmọ ogun tí ó mọ̀ pé ikú ni èrè àṣìṣe kò ní sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ mọ́, ọ̀gágun tí a kì í sì í sọ òótọ́ fún dà bí afọ́jú tí ó mú idà dání. Ibi tí ó wú mi lórí jù nínú sinimá náà ni apá ìparí rẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lépa tún bọ́ lọ, gbogbo wa ń retí kí Piett kú, Vader kàn wo òfuurufú, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀mí kan tí ó dá sí yẹn bà mí lẹ́rù ju méjì tí ó ti gbà lọ.

Ó jọ pé Timothy Zahn rí àlàfo yìí nígbà tí ó ń kọ ìwé mẹ́ta tí ó fi tẹ̀ síwájú nínú ìtàn kan náà láti 1991 di 1993. Thrawn, ọ̀gágun àgbà aláwọ̀ búlúù, olójú pupa, kì í pariwo. Iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn tí ó fẹ́ bá jà ni ó máa ń kọ́kọ́ wò, ó gbà pé bí ènìyàn ṣe ń yàwòrán ni yóò ṣe jà. Nínú ìwé àkọ́kọ́, ọmọ ogun kan tí ó ń darí ẹ̀rọ tí a fi ń fa ọkọ̀ ọ̀tá mú jẹ́ kí Luke Skywalker, akọni àwọn ọlọ̀tẹ̀, sá lọ. Nígbà tí Thrawn bi í léèrè, ó di ẹ̀bi náà ru ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ, Thrawn sì ní kí ẹ̀ṣọ́ òun pa á. Nínú ìwé míràn lára àwọn mẹ́ta náà, nǹkan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ọ́ tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ogun míràn, ṣùgbọ́n ẹni yìí ti gbìyànjú ọgbọ́n tuntun kan kí ọkọ̀ náà tó bọ́. Thrawn gbé e ga ní ipò, ó ní kí ó lọ wá bí ọgbọ́n náà yóò ṣe ṣiṣẹ́. Bí a bá gbé ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì síra wọn, ọ̀gágun yìí bani lẹ́rù ju Vader lọ, nítorí pé ìdájọ́ rẹ̀ ní ìdí, ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò sì máa ronú dípò kí ó máa gbọ̀n. Síbẹ̀, Zahn kò jẹ́ kí ó lọ láìfarapa. Ẹ̀ṣọ́ yẹn kan náà, Rukh, ni ó gún un pa ní ìparí ìwé kẹta, nígbà tí ẹ̀yà rẹ̀ ti mọ̀ pé ìjọba tí wọ́n ń sìn ti fi irọ́ dè wọ́n mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó ń ka ọkàn ọ̀tá láti inú àwòrán kò ka ọkàn ẹni tí ó dúró sẹ́yìn àga rẹ̀.

Bí a bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo, Zhuge Liang nínú Ìtàn Ìjọba Mẹ́ta ni n ó mú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe nítorí ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀ nìkan. Luo Guanzhong ni a gbà pé ó kọ ìwé náà ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, orí 120 ni ó ní, ó sì gbé e ka orí àwọn ènìyàn tí wọ́n gbé ayé ní Ṣáínà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú. Ní 228, Zhuge Liang rán Ma Su, ọ̀gágun kan lábẹ́ rẹ̀, láti lọ ṣọ́ ibi kan tí ń jẹ́ Jieting, ojú ọ̀nà tí oúnjẹ àwọn ọmọ ogun ń gbà kọjá. Ma Su fi ẹ̀mí ara rẹ̀ búra pé ibẹ̀ kò ní bọ́. Dípò kí ó tẹ̀dó sí ojú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí a ti pa á láṣẹ, ó gun orí òkè lọ, nítorí ó ti kà á nínú ìwé pé ẹni tí ó wà lókè ni ó ń borí. Àwọn ọmọ ogun Sima Yi, ọ̀gágun ọ̀tá, yí òkè ká, wọ́n gé omi, Jieting sì bọ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Zhuge Liang kù sí ìlú kékeré kan pẹ̀lú 2,500 ọmọ ogun, Sima Yi sì ń bọ̀ pẹ̀lú 150,000. Ó ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ibodè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbayawu, kí ọmọ ogun ogún ní ẹnu ibodè kọ̀ọ̀kan wọ aṣọ ará ìlú kí wọ́n máa gbálẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gun orí odi, ó sun tùràrí, ó sì ń ta ohun èlò orin olókùn. Sima Yi wò ó títí. Ọmọ rẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kí ìlú náà ṣófo. Ó ní rárá, ọkùnrin yìí kì í fi ara wewu rí láyé rẹ̀. Ó dá àwọn ọmọ ogun rẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ ọdún tí Zhuge Liang ti fi ń ṣọ́ra ni ó kó jọ ná ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ọgbọ́n náà kò sì lè ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀gágun tí a mọ̀ sí aláyàgbígbóná ì bá ti kú kí orin náà tó parí.

Ṣùgbọ́n orí ìwé tí ó tẹ̀ lé e ni mo máa ń padà lọ kà. Ma Su wọlé wá, ó ti fi okùn de ara rẹ̀. Zhuge Liang fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, ó ṣèlérí pé òun yóò tọ́jú ọmọ tí ó bí, ó sì ní kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Nígbà tí wọ́n gbé orí náà wá, ó bú sẹ́kún. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí ó ń sunkún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dájọ́ ikú fún. Ó dáhùn pé òun kò sunkún Ma Su. Ọba tí ó ti kú, Liu Bei, ni ó ti kìlọ̀ fún un lórí àkéte ikú pé ọ̀rọ̀ ẹnu Ma Su ju agbára rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe gbé iṣẹ́ ńlá lé e lọ́wọ́, òun kò sì gbọ́. Lẹ́yìn èyí ó kọ̀wé sí ọba tuntun pé kí ó rẹ òun sílẹ̀ ní ipò mẹ́ta, ọba sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn tí ọ̀gágun ti pa ọmọ abẹ́ rẹ̀. Mélòó ni èyí tí ó tún ti ka ẹ̀bi sí ara rẹ̀ lọ́rùn, tí ó sì ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba?

Othello ti Shakespeare jẹ́ ọ̀ràn tí ó ta kókó. Ọ̀gágun tí ìlú Venice gbà síṣẹ́ ni, wọ́n rán an lọ sí erékùṣù Cyprus láti kojú àwọn ará Tọ́kì, ṣùgbọ́n ìjì líle fọ́n ọkọ̀ ọ̀tá ká kí ẹnikẹ́ni tó yọ idà, nítorí náà a kò rí ibi tí ó ti ja ogun rárá nínú eré náà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ṣiyèméjì pé jagunjagun ni, láti ìgbà tí àwọn kan ti yọ idà sí i ní òru tí ó sì rọra ní kí wọ́n dá a padà sínú àkọ̀ kí ìrì má baà dípẹtà sí i lára. Nígbà tí Cassio, igbákejì rẹ̀, mutí yó tí ó sì jà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, Othello yọ ọ́ nípò lójú ẹsẹ̀, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní ṣe òṣìṣẹ́ òun mọ́. Ìdájọ́ ológun pátápátá gbáà ni. Òun gan-an ni ó sì ṣí ilẹ̀kùn fún Iago, ọmọ abẹ́ rẹ̀ tí ó ń dìtẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tí ó fún Cassio ní ọtí náà mu, nítorí pé Cassio tí ó pàdánù ipò ni ó lọ ń bẹ ìyàwó ọ̀gágun pé kí ó bá òun sọ̀rọ̀, Iago sì sọ ẹ̀bẹ̀ náà di ẹ̀rí àgbèrè lójú Othello. Ìyára tí ó ń gbani là lójú ogun ni ó pa ilé rẹ̀ run.

Kutuzov, ọ̀gágun àgbà ilẹ̀ Rọ́ṣíà inú Ogun àti Àlàáfíà ti Tolstoy, kò yára sí ohunkóhun. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ogun Austerlitz ní 1805, bí wọ́n ti ń ka ètò ìjà sí i létí ni ó sùn lọ, àwọn tí kò sùn ni wọ́n sì pàdánù ogun náà ní ọjọ́ kejì. Ìbínú rẹ̀ kan ṣoṣo tí mo rántí dáadáa ni ti àárọ̀ ọjọ́ kan ní 1812 tí ó dé ibùdó tí ó rí i pé àṣẹ rẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun. Ó bú ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ó gbọ̀n fún ìbínú, lẹ́yìn náà ó padà sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, ó dákẹ́, ó sì sún ìjà náà di ọjọ́ kejì. Àgbàlagbà lásán ni. Mo gbà pé òun ni mo lè sìn láìsí pé mo ń la ojú kan sílẹ̀ sùn.

Joseph Heller, tí ó fò lọ sójú ogun ní ọgọ́ta ìgbà nínú ọkọ̀ òfuurufú ajubọ́ǹbù, sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí di ẹ̀fẹ̀ nínú Catch-22. Ọ̀gágun Dreedle gbọ́ tí ọ̀gá ológun kan lábẹ́ rẹ̀, Danby, kérora nínú ìpàdé, ó ní kí wọ́n mú un jáde lọ yìnbọn pa. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni ó yọ́ sọ fún un pé kò jọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnu sì ya ọ̀gágun náà gidigidi: ṣé òun kò lè pa ẹni tí ó bá wu òun ni?

Ìbéèrè kan ṣì kù, ìyẹn ni pé ta ni ń dájọ́ fún ọ̀gágun nígbà tí òun fúnra rẹ̀ bá kùnà. Zhuge Liang rí ọba tí ó lè kọ̀wé sí. Nínú eré Kurunmi tí Ọlá Rótìmí tẹ̀ jáde ní 1971, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Kúrunmí kò rí ẹnikẹ́ni, nítorí Aláàfin tí ì bá pè é lẹ́jọ́ gan-an ni ó kọ̀ láti gbà ní ọba. Nígbà tí ogun Ìbàdàn ti kó ọmọ rẹ̀ márààrún lọ, májèlé ni ó fi dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Aureliano Buendía ti Gabriel García Márquez, nínú ìwé tí ó jáde ní 1967, gbìyànjú irú rẹ̀. Orúkọ kọ́nẹ́ẹ̀lì ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n òun ni olórí gbogbo ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀. Ó dìtẹ̀ ní ìgbà 32, gbogbo rẹ̀ ni ó sì pàdánù. Ó jẹ́ kí wọ́n yìnbọn pa Moncada, ọ̀gágun ọ̀tá tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún un pé kì í ṣe òun ni ó ń pa á, ìjà òmìnira ni. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹfun fa àyíká sí ilẹ̀ yí òun ká, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀, ìyá tí ó bí i pàápàá. Ní ọjọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé pé ogun ti parí, ó bi dókítà léèrè ibi tí ọkàn ènìyàn wà gan-an, dókítà fi oògùn tí a fi ń nu ojú ọgbẹ́ ya òbìríkítí sí i ní àyà. Ó fọwọ́ sí ìwé náà tán, ó yìnbọn sí àárín òbìríkítí náà. Ọta wọlé, ó gba ẹ̀yìn jáde, kò ba ohun kan jẹ́, nítorí pé dókítà mọ̀ọ́mọ̀ ya á sí ibi kan ṣoṣo tí ọta lè gbà kọjá láìpànìyàn. Nígbà tí Buendía mọ̀, ó ní bí àṣẹ bá ṣì wà lọ́wọ́ òun ni, òun ì bá ti ní kí wọ́n yìnbọn pa dókítà náà lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó gba ẹ̀mí òun là, bí kò ṣe nítorí pé ó sọ òun di ẹni yẹ̀yẹ́.