Bàálù tó já lórí kọ̀ǹpútà, àti èyí tó já lọ́nà Alábàtà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá rántí á rántí pé mo ní mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù onírìmóòtù. Àwọn tó ń bi mí pé ibo lọ̀rọ̀ yẹn wá já sí, ó já o, abẹ́ igi kajú kan lọ́nà Alábàtà níbí, l'Abẹ́òkúta, ló já sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ti orí símúlétọ̀ bẹ̀rẹ̀ ná, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ wíwa bàálù kéèyàn tó lọ sí pápá.

Símúlétọ̀ kì í ṣe géèmù, bó tiẹ̀ jọ ọ́ (màámi ò gbà o, tó bá ti ti ọjà Ìtòkú dé tó bá mi nídìí ẹ̀, "ìwọ, ṣé géèmù yìí náà lo ṣì ń gbá láti àárọ̀?"). Rìmóòtù tí wàá gbé lọ sí pápá náà lo máa fi wáyà USB so mọ́ láptọ́ọ̀pù, bàálù á wà lójú sírínì, ìwọ á dúró sójú kan lórí ilẹ̀ tí wàá máa wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, o ò sí nínú ẹ̀ rárá. PicaSim ni símúlétọ̀ tí mo lò, ọ̀fẹ́ ni, láptọ́ọ̀pù ògbólógbòó tèmi sì gbé e láìjanpata. CRRCSim náà wà, ọ̀fẹ́ lòun náà. RealFlight ní tiẹ̀, owó ni wọ́n fi ń rà á, koríko ẹ̀ àti ojú ọ̀run ẹ̀ rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí lẹni tí bàálù ẹ̀ ò tíì dúró sókè fún ìṣẹ́jú kan fẹ́ fi koríko tó rẹwà ṣe?

Páàdì géèmù àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi kọ́ ọ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣòfò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé sítíìkì páàdì, tó o bá ti jọ̀wọ́ ẹ̀ báyìí á padà sáàárín, bẹ́ẹ̀ sítíìkì tó ń fún mọ́tò bàálù lágbára, tọwọ́ òsì lórí rìmóòtù tèmi, ibi tó o bá tì í dé ló máa dúró sí, torí kò ní sípíríǹgì tó máa dá a padà. Nígbà tí mo fi máa rówó ra rìmóòtù FlySky FS-i6, àtàǹpàkò mi ti kọ́ ìkọ́kúkọ̀ọ́, ló bá di pé mo tún ń kọ́ ọ bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi.

Ibi tó ti ń pa gbogbo èèyàn ni ìgbà tí bàálù bá kọjú sí ẹ. Tó bá kẹ̀yìn sí ẹ tó ń lọ, ọ̀tún ọ̀tún ni, òsì òsì ni, ọmọdé lè wà á. Ó di kó yí padà kó máa bọ̀ wá bá ẹ, ọ̀tún á wá di òsì mọ́ ẹ lójú. O ti sítíìkì sọ́tùn-ún, bàálù gba òsì ẹ lọ, ọkàn ẹ ní "tì í sí i", o tì í sí i, ilẹ̀! Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọn ò mú iná lọ láti àárọ̀ (ẹ bá mi yọ̀), mo ka iye ìgbà tó já, ìgbà 43 ni, mo wá sùn.

Ọgbọ́n tó yọ mí rèé, ẹ gbé e pamọ́: tó bá ń bọ̀ wá bá ẹ, apá tó o bá rí tó ń rọlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni kó o ti sítíìkì sí, bí ẹni fi òpó ti òrùlé tó fẹ́ wó. Apá tó wà lọ́wọ́ òsì ẹ ló rọlẹ̀? Ti sítíìkì sósì. Má rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀tún bàálù àti ọ̀tún ara ẹ̀, kó tó rò ó tán bàálù ti dé ilẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ọwọ́ mi ti ń ṣe é fúnra ẹ̀.

Ní símúlétọ̀ ṣá, tó bá já, bọ́tìnì kan lo máa tẹ̀, bàálù tuntun á tún wà lórí pápá, kò ná ẹ ní kọ́bọ̀. Adùn ibẹ̀ nìyẹn, mi ò mọ̀ pé ìwà kan ló ń kọ́ mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, èmi àti bọ̀ọ̀dá kan tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ lọ sí pápá kan lọ́nà Alábàtà. Bàálù fóòmù ni, èyí tí apá ẹ̀ wà lórí ara ẹ̀, irú tí wọ́n máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ̀rẹ̀ torí kì í tètè dojú dé. Bọ̀ọ̀dá kọjú sí atẹ́gùn, wọ́n jù ú sókè fún mi, ó lọ! Mo yí i po lẹ́ẹ̀kan, mo yí i po lẹ́ẹ̀kejì, mo ní ojú tó ti rí òkun, kí ni ọ̀sà fẹ́ fi ṣe é.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni atẹ́gùn wá bọ́ sẹ́yìn ẹ̀. Ló bá ń sáré lójú mi bíi dánfó tó fẹ́ gbé èrò ní Láfẹ́nwá, mo ní eré yìí pọ̀, mo dín agbára ẹ̀ kù, mo tún fa imú ẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ pé mo ti pa á nìyẹn. Eré tí mo ń rí, eré atẹ́gùn tó ń tì í ló pọ̀ níbẹ̀, ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ ló ń gba orí apá ẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ yẹn ló gbé e dúró. Apá kan rọ, imú ṣíjú wolẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dáadáa: jẹ́ kí imú lọlẹ̀, fún un lágbára, kó tó gbéra padà. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, ọwọ́ òsì mi kúrò lórí sítíìkì, ó ń wá bọ́tìnì yẹn nínú afẹ́fẹ́.

Bàbá kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá dúró, wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé bó ṣe máa ń balẹ̀ nìyẹn?"

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Imú bàálù kán, fáànù iwájú kán, apá kan ya dé ìdajì, ṣùgbọ́n nǹkan kan ò ṣe bátìrì. Gọ́ọ̀mù gbígbóná àti igi súyà (lóòótọ́ ni, mo ti jẹ súyà orí ẹ̀ ní Kútọ̀) ni mo fi tò ó padà. Ohun tí bọ̀ọ̀dá kọ́kọ́ bi mí tá a délé ni pé èló ni mo fi atẹ́gùn símúlétọ̀ sí. Òdo. Látọjọ́ tí mo ti daunlóòdù ẹ̀, òdo ni mo fi í sí.

Ní báyìí mo ti gbé atẹ́gùn sókè, mo sì ti ṣòfin fún ara mi: tó bá já, mi ò gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnì yẹn títí màá fi dìde, rìn dé ògiri ẹ̀yìnkùlé, kí n padà wá jókòó, kó dà bí ẹni tó lọ ṣa bàálù ẹ̀ nínú igbó. Lálẹ́ àná mo rìn ín nígbà 11. Ẹ̀yìnkùlé náà ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa wà, mi ò mọ̀ pé ìyá onílé ń kà á látojú fèrèsé. Wọ́n kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ yìí, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n gbé ìgò àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n mu ún kí n tó jẹun.