Ife Àgbo Kò Dé Ibi Tí Jẹjẹrẹ Ti Ń Jẹ Ṣúgà

Ẹ dé ìdí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ní Ojúwòyè ní Muṣin, ẹ dé Jankara ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun kan náà lẹ ó gbọ́: ṣúgà ni jẹjẹrẹ ń jẹ, ẹ fi àgbo dí i lọ́fun. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni Otto Warburg, ará Jámánì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1931, ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ń sáré fọ́ glucose sí lactate, kódà bí ọ́síjìn bá kún ibẹ̀ fọ́fọ́. ATP (agbára tí sẹ́ẹ̀lì ń ná) 2 péré ló ń rí lórí glucose kan, níbi tí sẹ́ẹ̀lì tó ń fi ọ́síjìn jó o tán ti ń rí nǹkan bí 30. Ẹ má rò pé àdánù ni o: èròjà tó ń já bọ́ lójú ọ̀nà ló fi ń kọ́ ọ̀rá àti DNA fún sẹ́ẹ̀lì tuntun tó fẹ́ bí.

Ojú ọ̀nà yẹn ní ẹnubodè púpọ̀, àwọn èròjà inú igi àti ewé sì mọ bí a ṣe ń tì wọ́n. Phloretin inú èso ápù ń dí GLUT1, ẹnu ọ̀nà tí glucose ń gbà wọlé. Curcumin inú àtalẹ̀ pupa ń dín hexokinase 2 kù, ẹ́ńsáìmù tó ń bẹ̀rẹ̀ fífọ́ glucose. Shikonin, láti ara gbòǹgbò ewéko kan ní Ṣáínà, ń mú PKM2. Gossypol inú òwú ń mú LDHA. Ẹ́ńsáìmù tó ń bá iṣẹ́ fífọ́ ṣúgà yìí lọ ni àwọn méjèèjì. Inú àwo láàbù ni gbogbo èyí ti dájú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni bí wọ́n ṣe máa dé inú ẹ̀jẹ̀ èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti àtalẹ̀ pupa. Nínú àwo láàbù, curcumin tí wọ́n sábà ń lò kì í dín ní micromole 10 nínú lítà kan. Ní Taiwan, wọ́n fún àwọn aláìsàn ní ògidì curcumin gíráàmù 8 lójúmọ́. Ibi tó ga jù tó dé nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò pé 2, láàárín wákàtí kan sí méjì, ó sì tún wálẹ̀. Curcumin inú àtalẹ̀ pupa gbígbẹ kò sì ju nǹkan bí 3 nínú 100 lọ. Ṣíbí tíì kan, tó jẹ́ gíráàmù 3, kò ní ju mílígíráàmù 90 lọ nínú. Ẹni tó bá fẹ́ rí gíráàmù 8 á gbé nǹkan bí ṣíbí 90 mì lójoojúmọ́. Ta nikùn rẹ̀ gbà á?

Omi kì í yọ́ curcumin, ìdí nìyẹn tí àgbo tí wọ́n fi omi sè kì í fi rí púpọ̀ fà jáde. Èyí tó bá sì wọlé, ìfun àti ẹ̀dọ̀ á sáré dè é, wọ́n á tì í síta. Piperine, tó wà nínú ata dúdú àti iyèré, ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ níbi ìdè yìí. Lọ́dún 1998 ni wọ́n fi mílígíráàmù 20 rẹ̀ kún curcumin gíráàmù 2, tí èyí tó wọ ẹ̀jẹ̀ fi di ìlọ́po 20. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ yẹn náà ló ń palẹ̀ oògùn mọ́. Piperine ń mú kí phenytoin, oògùn wárápá, pọ̀ lẹ́jẹ̀, kápúsù àtalẹ̀ pupa tó ní piperine sì ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Tinú ọbẹ̀ ò ní wàhálà, kápúsù ni kẹ́ ẹ ṣọ́.

Fítámì C nìkan ni mo gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba àrójinlẹ̀. Bí ọ́síjìn bá ti ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ìrísí rẹ̀ á jọ ti glucose tó bẹ́ẹ̀ tí GLUT1 á fi gbà á wọlé. Nínú sẹ́ẹ̀lì, glutathione, èròjà tó ń gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ májèlé ọ́síjìn, ni wọ́n ń ná láti yí i padà. Bí ìyẹn bá tán, májèlé ọ́síjìn á gbilẹ̀, GAPDH, ọ̀kan lára àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ ṣúgà, á dúró, ATP á gbẹ. Ìwé ìròyìn Science ló gbé e jáde lọ́dún 2015, lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí jíìnì KRAS tàbí BRAF inú rẹ̀ ti yí padà, àti lára eku.

Tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe é. Ẹni tó ń gbé gíráàmù 3 mì ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin kò lè ju micromole 220 lọ lẹ́jẹ̀. Dríìpù gíráàmù 50 á gbé e kọjá 13,000. Gíráàmù 10 tí wọ́n ń gbé mì lójúmọ́ ni ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà dán wò lọ́dún 1979 àti 1985, wọn ò sì rí èrè. Ti dríìpù pàápàá kò tíì yanjú. Ní Ṣáínà, aláìsàn 442 tó ní jẹjẹrẹ ìfun tó ti ràn: fítámì C tí wọ́n fi kún kẹmoterápì kò yí nǹkan padà fún gbogbo wọn lápapọ̀. Ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2024, ẹni 34 tó ní jẹjẹrẹ àmọ́ (pancreas): àwọn tó gba gíráàmù 75 lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ pẹ̀lú kẹmoterápì lo oṣù 16 láyé, àwọn yòókù lo 8.3. Ó wú ni lórí, àmọ́ ẹni 34 kéré.

Ẹni tó bá fẹ́ gba dríìpù yìí l'Ékòó, kó kọ́kọ́ yẹ G6PD wò, ẹ́ńsáìmù tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín wa ni ẹ́ńsáìmù yẹn kò tó lára rẹ̀. Àwọn náà ni káńfọ̀ tí wọ́n kó sáàárín aṣọ ń fún ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní kékeré. Fítámì C rẹpẹtẹ á fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn: láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, ìtọ̀ á dà bíi zobo, ojú á pọ́n, èémí á máa ké. Ìdánwò náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ síni lára, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ń yẹ̀ wò; bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tuntun tó kù á mú kí èsì dára ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn ìfàjẹ̀sínilára, ẹ fún un ní bí oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà látinú ẹ̀jẹ̀ ìka náà ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ka fítámì C mọ́ glucose lẹ́yìn dríìpù, tí ṣúgà 90 á máa jọ 300. Bí nọ́ọ̀sì bá gún insulin lé e, ṣúgà aláìsàn á já wálẹ̀ pátápátá. Láàbù tó ń lo ọ̀nà hexokinase ni kí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa kó yẹra fún dríìpù yìí, torí oxalate, èròjà tí fítámì C ń dà, tó lè dí kíndìnrín.

Òwú ńkọ́? Ní Ṣáínà láwọn ọdún 1970, gossypol ni wọ́n fún àwọn ọkùnrin kí wọ́n má baà fúnni lóyún. Potassium àwọn kan wálẹ̀, àtọ̀ àwọn kan kò sì padà mọ́. Ewúro tiẹ̀ ń fa ṣúgà wálẹ̀, ẹni tó ń lo glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ, kó má mu oje rẹ̀ lé e láìsọ fún dókítà.

Ẹni tó sì ní òun ò jẹ ẹ̀bà àti ìrẹsì mọ́ kí jẹjẹrẹ lè kú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á máa sọ ẹran ara rẹ̀ di glucose, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ má bàa já. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: bí ẹni kílò 70 bá pàdánù kílò 3.5 láàárín oṣù mẹ́fà láìgbèrò, kí wọ́n gbọ́ ọ ní kílíníkì, ní Ìdí-Àràbà tàbí Ìkẹjà. Ẹ kó ìgò àgbo àti páálí kápúsù dání lọ, ẹ má fẹnu lásán ròyìn wọn. Bí iṣẹ́ abẹ bá ń bọ̀, ẹ dá kápúsù àtalẹ̀ pupa dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí ẹ̀jẹ̀ dídà.