Ọpẹ́ Mi Rèé: Ara Ti Tù Mí, Ọkàn Mi Ti Balẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Ìkọ̀kọ̀ ni mo ti jìyà, torí náà gbangba ni mo fẹ́ ti dúpẹ́. Àìsàn tí ojú máa ń tini láti dárúkọ láwùjọ ni: inú rírun, kí ìgbẹ́ máa ya gbuuru lónìí, kó má jáde rárá lọ́la, kí inú máa wú, kó máa kùn. Èyí tó tún burú jù ni jìnnìjìnnì tó ń bá a rìn.

Ìgbẹ́ gbuuru lásán ló kọ́kọ́ ṣe mí. Ibà rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú mi kò padà sípò mọ́. Ìrora á dé, màá sáré wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀rù pé ó tún fẹ́ dé á mú kí àyà mi já, àyà jíjá yẹn gan-an á sì tún ta inú jí. Mi ò lè bá èèyàn jókòó pẹ́. Mi ò lè wọ ọkọ̀ ìrìn jíjìn. Nígbà tó yá, ó ń sú mi láti jí láàárọ̀. Mo lè sọ ọ́ báyìí láìtijú, nítorí Ọlọ́run ti mú mi kọjá níbẹ̀.

Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n yẹ ìgbẹ́ mi wò, wọ́n ti rọ́bà tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ìdí wọ inú ìfun mi. Kò sí egbò, kò sí kókó. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire, èmi sì ń jẹ̀rora. Oníṣègùn kan ní kí n yé ro ìròkurò, pé inú ọkàn mi nìkan ni àìsàn náà wà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Àánú wá dé. Wọ́n júwe dókítà kan fún mi, ìyá àgbà tó ní sùúrù. Wọ́n bi mí bóyá inú náà ń run mí tó ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, bóyá ó ti tó oṣù mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ìrora náà jẹ mọ́ ìgbẹ́ yíyà. Wọ́n bi mí bóyá mò ń rí ẹ̀jẹ̀, bóyá mò ń rù, bóyá ìrora ń jí mi lóru. Wọ́n ní àwọn yẹn ni kò ṣeé fojú fò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkàn rẹ ńkọ́?" Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ẹkún ni mo fi dáhùn.

Wọ́n ní irritable bowel syndrome, IBS, ìyẹn àìsàn ìfun tí kì í ṣiṣẹ́ déédéé, ni, pé àìsàn gidi ni, pé kì í di jẹjẹrẹ, pé bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní in ni àníyàn tàbí ìsoríkọ́ ń bá fínra. Wọ́n fi yé mi pé sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára tó wà lára ìfun lé ní 100 mílíọ̀nù, pé iṣan ìmọ̀lára kan tó ń jẹ́ vagus so inú mọ́ ọpọlọ, ìròyìn tó sì ń gba ibẹ̀ gòkè lọ pọ̀ gan-an ju èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Serotonin, kẹ́míkà kan tí ara fi ń ránṣẹ́ láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, tí a máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìsoríkọ́, nǹkan bí 90% rẹ̀, ìfun ni wọ́n ti ń ṣe é. Àwọn bakitéríà inú ìfun wà láàárín gbogbo ètò yìí. Ohun tí wọ́n ń ṣe látinú oúnjẹ wa ń kan iṣan, ó ń kan serotonin, ó ń kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara.

Mo wá lọ ń kàwé. Ní 2000, kòkòrò wọ omi ẹ̀rọ ìlú Walkerton ní Kánádà, èèyàn 7 kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì ṣàìsàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, IBS ṣì wà lára àwọn kan nínú wọn, pàápàá àwọn tó ti ní àníyàn tàbí ìsoríkọ́ ṣáájú. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì McMaster, ní Kánádà kan náà, gba bakitéríà látinú ìgbẹ́ àwọn tó ní IBS, wọ́n fi í sínú eku tí kò ní bakitéríà kankan lára. Ìfun àwọn eku náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn tó sì gba ti ẹni tó ní àníyàn ń hùwà ìbẹ̀rù. Eku kì í ro ìròkurò! Ìgbà tí mo kà á dé ibẹ̀ ni ìtìjú kúrò lára mi.

Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n kó èèyàn 44 tó ní IBS jọ, wọ́n fún ìdajì ní bakitéríà kan tó ń jẹ́ Bifidobacterium longum fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fún ìdajì yòókù ní ohun tó jọ ọ́ tí kò ní bakitéríà nínú. Ìsoríkọ́ rọlẹ̀ lára 14 nínú 22 tó gba bakitéríà, ó rọlẹ̀ lára 7 nínú 22 kejì. Àníyàn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ìwádìí kékeré sì ni. Dókítà mi kò jẹ́ kí n sọ ọ́ di idán.

Inú àti ọkàn ni wọ́n jọ tọ́jú fún mi. Wọ́n fún mi ní amitriptyline díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́, oògùn ìsoríkọ́ àtijọ́ tí ìwádìí kan ní England fi hàn ní 2023 pé ìwọ̀n kékeré rẹ̀ ń dín ìnira IBS kù. Onímọ̀ oúnjẹ bá mi yọ àwọn oúnjẹ tó ń di gáàsì nínú ìfun kúrò fún ìgbà díẹ̀, ó sì bá mi dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi mọ èyí tó ń bá mi jà. Onímọ̀ ìtọ́jú ọkàn kọ́ mi bí mo ṣe lè kojú ẹ̀rù kó tó di ìrora.

Inú ṣì máa ń run mí nígbà mìíràn, mi ò ní parọ́ níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mò ń sùn. Mò ń wọ ọkọ̀. Mò ń bá èèyàn jẹun, mo sì ń rẹ́rìn-ín látọkàn wá.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń bá mi jókòó lóru láìbéèrè ohunkóhun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà mi. Olúwa á fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà san án fún wọn.