Àbẹ̀kẹ́ Ló Ń Ṣíwájú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù Ọ̀wàrà. Mason County, Texas.

Ẹni tó bá rò pé gbogbo Texas ló tẹ́jú bíi ti Houston tí à ń gbé, kó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin ìhín. Òkè lórí òkè, gbágungbàgun. Àárín ilẹ̀ òkúta ẹfun ni àpáta pupa rẹ́súrẹ́sú ti yọrí jáde, ọjọ́ orí àpáta náà sì lé ní bílíọ̀nù ọdún kan. Ọmọ Ìdànrè ni mí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ńṣe ni mo dúró sójú kan. Irú tiwa ni: ó rí roboto, ara rẹ̀ ń ṣí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Orí irú òkè bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá mi ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ibí gbẹ ju Ìdànrè lọ o. Igi júnípà, tí àwọn ará ibí ń pè ní kédárì, ló bo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ọ̀rọ́ ẹlẹ́gùn-ún sì wà níbi tó yẹ kéèyàn fọwọ́ tì. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yẹ̀ lábẹ́ bàtà. A tún ní láti máa wolẹ̀ nítorí ejò tó ní ṣaworo ní ìdí.

Ilẹ̀ yìí kì í ṣe tiwa. Ó lé ní ìdá 95 nínú 100 ilẹ̀ Texas tó jẹ́ ti aládàáni, ẹni tí kò bá sì mọ onílẹ̀ kankan kì í fi bẹ́ẹ̀ ríbi ṣọdẹ. Bàbá òyìnbó kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí ló ní ká máa bọ̀. Oore ńlá ni.

Oṣù Ọ̀wàrà jẹ́ ti ọlọ́fà. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Bélú ni àwọn oníbọn tó ń wọgbó, nítorí náà ọkàn àgbọ̀nrín ṣì balẹ̀ báyìí. Èso óákù náà ń já bọ́, ìdí rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ̀ kiri. Ọrun Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi obìnrin, jẹ́ ti ìgbàlódé, onípúlì. Pọ́ùn 42 ni agbára tó fi ń fà á, ṣùgbọ́n tó bá ti fà á dópin, púlì á gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ ọdún 14 á sì lè dúró fojú sun ẹran. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn: 20 yáàdì, ó pọ̀ jù 25. Oníbọn lè dúró lókèèrè. Ọlọ́fà kò ní àǹfààní yẹn.

Nílé, ìbọn ti gba iṣẹ́ ọfà lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tipẹ́tipẹ́. Ṣakabùlà ni bàbá mi ń gbé, mi ò rí i kó fa ọrun rí. Ṣùgbọ́n ọfà kò parun láàárín ọmọ Yorùbá. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, òrìṣà ọdẹ, kọjá òkun lọ sí Brazil àti Cuba, ọrun àti ọfà ṣì ni àmì rẹ̀ lọ́hùn-ún títí dòní. Mo máa ń rántí wọn tí mo bá rí ọmọ yìí tó gbé tirẹ̀ kọ́ èjìká.

Èmi kò gbé ọrun lónìí. Ẹni tó máa ta ọfà ló yẹ kó kọ́kọ́ rí ẹran, nítorí náà Àbẹ̀kẹ́ ló ṣíwájú, èmi tẹ̀lé e. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ gan-an nìyí. Nílé, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Ṣé o ti kàwé? Abọ́ wo lo fọ̀? Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Òun á ní "Yes, Dádì," ọ̀rọ̀ parí. Nínú igbó, ẹnu mi ní láti dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ojú nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Mo sì rí ọmọ kan níwájú mi tí mi ò tíì mọ̀ dáadáa.

Ìgò àtíkè kékeré kan wà lápò rẹ̀. Ó máa ń fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́, á wo ibi tó ń lọ. Láàárọ̀ kùtù, atẹ́gùn tútù máa ń ṣàn wálẹ̀ láti orí òkè, òórùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ẹran tó wà lókè. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rìn títí a fi rí ìrù funfun kan tó ń mì lábẹ́ óákù, lókè wa, kò jìnnà mọ́. Oòrùn sì kan àpáta. Àbẹ̀kẹ́ dúró, ó fọ́n àtíkè. Àtíkè náà rọra yípadà, ó ń gòkè lọ. Ó wo ẹran, ó wo òkè, ó sì fi ìka ṣe ìyípo fún mi: ká pẹ̀yìn dà, ká yí àpáta po, ká lọ bọ́ sókè wọn. Ó jẹ́ ìrìn gígùn, a sì fi orúnkún àti ìgúnpá rin apá kan nínú rẹ̀. Mo tẹ̀lé ọmọ mi láìsọ̀rọ̀.

Abo mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ wa. Èyí tó dàgbà jù kọjú sí wa, Àbẹ̀kẹ́ sì kọ̀, kò ta á. Àyà ẹran kì í ṣe ibi tí à ń ta ọfà sí. Ẹ̀gbẹ́ ni, kí ọfà lè la ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Ó fà á, ẹran gbórí sókè, ó dẹ ọrun padà. Ohun tó fà á nìyí: ohùn ń rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọfà rẹ̀ kò tó 250. Àgbọ̀nrín tó bá ti fura á gbọ́ ọsán ọrun, á lóṣòó kó lè sá, ọfà á sì gba orí rẹ̀ kọjá tàbí kó ṣe é léṣe lásán. Àbẹ̀kẹ́ dúró títí ẹran náà fi tún tẹrí ba, tó yí ẹ̀gbẹ́ sí wa. Ó fa ọrun. Ó ta á.

Lẹ́yìn rẹ̀ a jókòó. Wọ́n kọ́ ọ pé kó fún ẹran ní ààbọ̀ wákàtí kó tó tọpa. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo fẹ́ la ẹnu, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan." Mo dákẹ́. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nípa bàbá àgbà. Mo sọ fún un nípa àtùpà tí wọ́n ń so mọ́ orí, àti bí wọ́n ṣe ń mú mi dání.

"Màmá Àkúrẹ́ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. Mo ní bàbá ò mú wọn lọ rí.

"Ṣé wọ́n fẹ́ lọ?"

Mi ò mọ̀. Láti kékeré wa títí dòní, mi ò béèrè rí.

Ó rí ọfà náà nínú ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ pupa fòò, ó ń hó: ẹ̀dọ̀fóró. Òun ló tọpa ẹ̀jẹ̀ láti òkúta dé òkúta, kò sì tó 100 yáàdì tó fi bá a lábẹ́ júnípà. Ó kúnlẹ̀ tì í fúngbà díẹ̀. Ó wá yọ táàgì láti inú láísẹ́ǹsì rẹ̀, ó gé oṣù àti ọjọ́, ó so ó mọ́ ẹran gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Oòrùn ti mú, a yára kun ún. Ó kọ̀ kí n bá òun gbé itan kan. Ó gbé e sẹ́yìn dé ìsàlẹ̀.

Bí a ṣe kó ẹran sínú yìnyín tán, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Aago mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá ní Àkúrẹ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, ṣé ẹ fẹ́ máa bá bàbá lọ oko ọdẹ nígbà yẹn?" Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Mo tẹ̀lé wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti dé ẹsẹ̀ òkè kí wọ́n tó bojú wẹ̀yìn. Wọn ò nà mí o. Wọ́n kàn yí iná orí wọn sí mi, wọ́n ní kí n padà sílé. Ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, o ò rántí ni?"

Mi ò rántí.

Wọ́n ní kí n gbé fóònù fún Àbẹ̀kẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀: báwo ni ọrun ṣe wúwo tó, ṣé apá kì í dùn ún, ṣé obìnrin mìíràn wà níbẹ̀ tó ń ta ọfà. Yorùbá ni Àbẹ̀kẹ́ fi ń dáhùn, ó ń wá ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì bá a wá a. Mo fẹ́ gbé itan kan lọ fún bàbá onílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.