Ìwé ọmọdé ni mo kọ́kọ́ gbé fún wọn

Ẹ̀yin tíṣà mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ àṣìṣe tèmi kẹ́ ẹ má baà ṣe irú ẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn àgbàlagbà, ìwé tí wọ́n ya bọ́ọ̀lù àti ológbò sí ni mo gbé fún wọn, mo ní kí wọ́n máa pè é tẹ̀lé mi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bàbá kan tó ti rí ọmọ-ọmọ wò mí, ó wo ìwé, ó rọra pa á dé. N ò rí bàbá náà mọ́ látọjọ́ náà.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo fi ń ṣe ìwé. Mo bi màmá kan pé, "Mà, kí lẹ ṣe láàárọ̀ yìí?" Wọ́n ní, "Mo jí, mo gbálẹ̀, ọmọ mi pè mí." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni mo kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù, n ò tún un ṣe rárá, mo ń fọwọ́ tọ ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń kà á, àwọn náà kà á, gbogbo kíláàsì gbè é, la bá kọ ọ́ sí páálí, a fi sísọ́ọ̀sì gé e lọ́kọ̀ọ̀kan, a dà á rú, mo ní kí wọ́n tò ó padà. Ibi tí wọ́n dé "mi" àti "mí" ni wọ́n dúró, wọ́n ní ṣé kì í ṣe ìkan náà ni. Ha! Ẹ̀kọ́ àmì ohùn dé nìyẹn, èmi ò tiẹ̀ múra ẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀ o. Paulo Freire, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Brazil, àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti fi ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn ń sọ lójoojúmọ́ kọ́ òṣìṣẹ́ bí 300 nílùú Angicos ní Brazil lọ́dún 1963, nǹkan bíi wákàtí 40 ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń gé sí sílébù, bíi "gbá-lẹ̀".

Ẹ jọ̀ọ́, ojú ńkọ́? Béèyàn bá ti lé ní 40 ọdún, lẹ́tà wínníwínní ò kí ń fẹ́ hàn nítòsí mọ́. Bọ̀dá kan ń na ìwé síwájú títí apá wọn fi fẹ́ẹ̀ já, èmi rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n kà ni, àṣé awò ojú ni wọn ò ní. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Ẹ má sì pe àgbàlagbà síwájú bọ́ọ̀dù tí kò bá fúnra ẹ̀ dìde, ìtìjú ń lé wọn lọ ju iṣẹ́ lọ. Ti ohun èlò, ẹ má náwó: páálí oògùn, rìsíìtì, fọ́ọ̀mù báǹkì, orúkọ tó wà nínú fóònù wọn, ìwé kíkà ni gbogbo ẹ̀. Àwọn páálí tẹ́ ẹ gé yẹn náà, ẹ kó tẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àpò ìwé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ sí i lára.