Òǹkà Kan, Ìtumọ̀ Méjì, Níwájú Awakọ̀ Òfurufú

Bí bàálù bá já, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò mi ní Ìkẹjà, níbi tí ariwo pápákọ̀ òfurufú kì í ti í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàálù jìnnà sí wa, ni pé awakọ̀ ló ṣàṣìṣe. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, lójú tèmi, ni ojú ẹ̀rọ tí wọ́n gbé síwájú awakọ̀ náà.

Ní ọjọ́ 20, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1992, bàálù Airbus A320 ti ilé-iṣẹ́ Air Inter forí sọ òkè nítòsí Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Nínú ènìyàn 96 tó wà nínú rẹ̀, 87 ló kú. Nínú bàálù yẹn, ojú kan ṣoṣo ló ń fi oríṣi òǹkà méjì hàn fún ìsọ̀kalẹ̀: bí awakọ̀ bá fẹ́ kí bàálù dagẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì, -3.3 ni yóò rí. Bí ó bá fẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ ní 3,300 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú kan, -33 ni yóò rí, nítorí pé wọ́n ti gé òdo méjì tó gbẹ̀yìn dànù. Àmì tóótó kan àti àkọlé kékeré ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lára ohun tí àwọn olùṣèwádìí gbé yẹ̀ wò ni pé dígírì ni àwọn awakọ̀ náà ní lọ́kàn, nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí ẹsẹ̀ bàtà, tí bàálù fi sáré sọ̀kalẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Alẹ́ ni, ìkùukùu bolẹ̀, ìmúrasílẹ̀ fún bíbalẹ̀ sì ti gba gbogbo ọkàn wọn. Ta ni yóò máa wá àmì tóótó nírú àkókò bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn náà ni Airbus tún ojú ẹ̀rọ náà ṣe, tí òǹkà ẹsẹ̀ bàtà fi ń jáde lódindi: -3300.

Èmi tí mò ń ya ojú áàpù fóònù ní Yábàá mọ bó ti rọrùn tó láti gé òdo kúrò kí ojú ẹ̀rọ lè mọ́ tónítóní, mo sì gbà pé ẹ̀wà irú èyí léwu.

Ní Kegworth, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1989, ẹ́ńjìnnì òsì Boeing 737-400 kan bàjẹ́, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún tó dára ni àwọn awakọ̀ pa, bàálù náà sì já. Ènìyàn 47 kú. Òǹkà tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n ó kéré, kò sì sí ohunkóhun tó ń pe ojú sí i. Àwọn olùṣèwádìí dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ohun tí yóò pe àkíyèsí kún un nígbà tí gbígbọ̀n náà bá dé góńgó. Ìmọ̀ràn yẹn ni mo mọyì jù, nítorí pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ẹ̀bi awakọ̀ nìkan. Wọ́n ní kí wọ́n tún ẹ̀rọ ṣe.