Wáyà Aláwọ̀ Aró

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ògbómọ̀ṣọ́.

N kò tíì fọ ẹnu láàárọ̀ yìí tí mo ti dojú sikútà oníbátìrì mi, èyí tí a ń dúró gùn, dé sórí búlọ́ọ̀kù méjì lẹ́yìnkùlé. Láti Ọjọ́rú ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá gùn ún tí mo fún un níná, á kàn máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà dá wó, á máa kùn, kò sì ní kúrò lójú kan. Àfi kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tì í dáadáa kó tó gbéra. (Nígbà tí mo ń gun ọ̀kadà, epo la máa ń fún un, a ó sì ní a fún un níná. Èyí ni iná gan-an.) Lánàá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí LAUTECH bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ gun nǹkan yìí ni àbí òun ló gùn yín?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Tọ̀kunbọ̀ ni. Ọdún 2023 ni mo rà á, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ yọwọ́ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróò ní ìparí oṣù karùn-ún, tí mo jókòó ṣírò ohun tí ọ̀kadà mi ń mu lọ́sẹ̀ kan. Mo ta ọ̀kadà. Bàbá onílé wa rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní àgbàlagbà tó nírùngbọ̀n ló ń dúró ṣánṣán lórí nǹkan ìṣeré ọmọ òyìnbó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí i tí mo ki ṣájà bọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́, àwọn náà ni wọ́n máa ń bi mí pé, "Ṣé ó ti yó?"

Rédíónìkì kan ní Sábó gbé e yẹ̀ wò lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, kò tú nǹkan kan, ó kàn tẹ́tí sí i, ó ní mọ́tò ti jóná, kí n lọ wá òmíràn. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé bátìrì ni kò lágbára tó. Ó ní kí òun bá mi yọ pátákó kékeré tó ń ṣọ́ bátìrì dànù kó lè máa tú agbára rẹ̀ jáde bó ṣe wù ú. Mo ní rárá o. Bátìrì 36 fólítì ni. Inú rẹ̀ kún fún àwọn bátìrì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní 18650, torí pé fífẹ̀ wọn jẹ́ mìlímítà 18, gígùn wọn sì jẹ́ 65. Mẹ́wàá ni wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá fólítì 4.2 bó bá yó, ìyẹn ló fà á tí ṣájà rẹ̀ fi jẹ́ 42. Pátákó yẹn ló ń rí sí i pé kò sí èyí tó yó àyókèéta tàbí tí ebi pa kú nínú wọn. Irú bátìrì yìí tó bá gbiná, omi garawa kan kò ní pa á. Yàrá tí mo ń sùn sí ni mo sì ti ń ki iná sí i.

Mo gbé e wá sílé. Mo fi mítà wọn bátìrì, ó jẹ́ 39.6. Kò sí ohun tó ṣe bátìrì.

Ó wá ku mọ́tò. Inú táyà ẹ̀yìn ni mọ́tò yìí wà, wáyà gbàǹgbà mẹ́ta ló ń gbé agbára lọ bá a. Mo fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ lára kọntírólà, àpótí kékeré tó ń pín iná fún mọ́tò, mo fi ọwọ́ yí táyà, ó yí wẹ́rẹ́ bí òkòtó. Mo wá fi ẹnu méjì nínú wọn kan ara wọn, mo tún yí i: ó le lọ́wọ́ mi bíi pé ẹnì kan dì í mú láti inú. Mo tú wọn, ó tún fúyẹ́. Mọ́tò tó ti jóná kì í ṣe báyìí. Inú mi dùn débi pé mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lásán.

Yàtọ̀ sí àwọn gbàǹgbà, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún tún wà: pupa, dúdú, ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró. Àwọn ni ojú mọ́tò. Ẹ̀yà kékeré mẹ́ta ló wà nínú táyà tó ń sọ fún kọntírólà ibi tí òòfà dé, kó lè mọ ibi tí yóò gbé iná sí. Tí ọ̀kan bá ya odi, kọntírólà á máa fọwọ́ táràrà, òun ni gbígbọ̀n yẹn. Mo dá gbogbo wáyà padà, mo tan iná sí i, mo fi ẹnu mítà dúdú sára wáyà dúdú, mo ń rọra yí táyà. Ìyeyè: 5, òdo, 5, òdo. Àwọ̀ ewé náà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ aró: 5. Mo yí i. 5. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn, 5 náà ni.

Mo tẹ̀ lé wáyà náà láti kọntírólà dé ibi tó ti wọ inú ọ̀pá táyà. Ibẹ̀ ni mo ti bá a. Etí wọ́ṣà ti gé rọ́bà rẹ̀, ó wọ inú, ó sì já wáyà aláwọ̀ aró sí méjì, bàbà rẹ̀ ń dán fírífírí.

Ta ló de nọ́ọ̀tì yẹn? Èmi ni. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo yọ táyà onítúbù kúrò, torí pé jíjò rẹ̀ ti sú mi, tí mo fi èyí tí kì í gba afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, mo fi gbogbo ọ̀sán jà á, èékánná àtàǹpàkò mi ṣì dúdú di bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tó wọlé tán, ayọ̀ kò jẹ́ kí n wo abẹ́ wọ́ṣà kí n tó fún nọ́ọ̀tì. Láti Ọjọ́rú wá, mo ti bú ẹni tó tà á fún mi, mo bú òjò, mo bú gbogbo kòtò tó wà láàárín Sábó sí Tákíè.

Bí mo ṣe ki irin ìsódà bọ iná ni iná lọ. Mo dúró, kò dé. Mo bá mú irin náà lọ bá ìyá alágbàdo níwájú ilé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò wọn.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ fi jó wáyà ni."

"Òjé kọ́ nìyẹn lọ́wọ́ rẹ? O fẹ́ fi òjé sí àgbàdo tí mo ń tà fáwọn ọmọ olọ́mọ?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ, májèlé ni òjé. Wọ́n fi ẹ̀mú ṣa ẹyin iná márùn-ún sínú agolo mílíìkì fún mi, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Ẹyin iná yẹn tó mi. Mo hó wáyà, mo lọ́ ọ pọ̀, irin pọ́n, òjé yọ́ ṣùrù wọnú bàbà. Mo fi rọ́bà tí ń súnkì bò ó, mo wá gba wáyà gba ibi tí wọ́ṣà kò ti ní kàn án. Ìgbà tí mo ki bátìrì padà, ó tà pàù! Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo fò sẹ́yìn.

Mo fún un níná. Kò gbọ̀n. Ó gbé mi kúrò lẹ́yìnkùlé láìfẹsẹ̀ tì í, ó gbé mi kọjá Bàbá onílé, ó dé iwájú ìyá alágbàdo. Mo ní kí wọ́n fún mi ní méjì tó gbó dáadáa. Wọ́n wo sikútà, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n dá àgbàdo náà padà sórí iná.

"Lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yẹn ná."